Asà Lòdì sí Ooru Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe ní Kokompe, ní Accra, ẹ mọ bí trotro ṣe máa ń rọ bí ó bá pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ẹ́ńjìnnì ń fà símú. Ọ́síjìn inú rẹ̀ kò pọ̀, agbára ọkọ̀ a sì dínkù.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ fi páálí gé àwòṣe, kí ẹ gé páànù alumíníọ́mù bí i rẹ̀, kí ẹ sì fi bóòtù dè é sáàárín páìpù èéfín àti ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń gba ibẹ̀ kọjá ni í gbé ooru lọ. Kó má ṣe kan wáyà bátìrì.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ gan-an rèé: ẹ má ṣe gé àfọ́kù páànù ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó kojú ooru tó. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó farahàn. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti ṣe àdéhùn lórí rẹ̀ ní ọdún 1986. Bí ọ̀gá bá ní kí ọmọṣẹ́ fi ayùn gé e, kí ọmọṣẹ́ náà kọ̀, kí ó sì fi tó ẹgbẹ́ létí.