Kálámù, Wàláà àti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé: Iṣẹ́ Ọlọ́hun Ni

    

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀ yìí, a ra àkàrà tí a ó fi ṣínu ní Òṣòdì. Nígbà tí a tú u, ìwé tí wọ́n fi dì í ni a tẹjú mọ́. Ewé kan ni, láti inú ìwé wáàsí tí ẹgbẹ́ wa tẹ̀ lọ́dún tó kọjá! Orúkọ Ọlọ́hun wà lókè rẹ̀ ní Lárúbáwá, epo sì ti rin ín gbindin. Inú bí wa, a padà lọ bá màmá alákàrà. Ó ní, "Ẹ̀yin ààfáà, ẹ má bínú. Kílò kílò ni mo ń ra ìwé, n kò mọ ohun tí wọ́n kọ sí i." Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Ta ló kọ́kọ́ ta ìwé náà? Àwa náà ni. Àṣẹ́kù inú páálí ni ẹnì kan nínú wa kó tà.

Ìyẹn ló fà á tí a fi fẹ́ sọ bí ìwé ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, àti pé Ọlọ́hun wà nínú ìrìn náà.

Inú oṣù ààwẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì wa nínú ihò Hirā. Kíkà ni Ọlọ́hun fi bẹ̀rẹ̀, Ó sì dárúkọ kálámù. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí Ó ń bá sọ̀rọ̀ kò mọ̀wé kà, kò mọ̀ ọ́n kọ. Awọ, egungun, òkúta pẹlẹbẹ àti imọ̀ ọ̀pẹ dábínù ni wọ́n ń kọ Kùránì sí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì há a sórí. Nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kú lógun Yamāma, ní nǹkan bí ọdún 633, ni Umar gba Abu Bakr níyànjú pé kí wọ́n kó o jọ, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Zayd ọmọ Thābit. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, bébà ṣíṣe, tí àwọn ará Ṣáínà ti mọ̀ tipẹ́, dé Samarkand, ó sì dé Baghdad. Ẹ̀sìn ń tàn ká ayé, ohun tí wọn yóò fi kọ ọ́ sì pàdé e lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní kòńgẹ́. Àwa kò pè é bẹ́ẹ̀.

Ti ìwé títẹ̀ ni kò lọ geere. Gutenberg ti ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ní Jámánì láàárín àwọn ọdún 1450. Ní nǹkan bí 1537 sí 1538, wọ́n tẹ Kùránì ní Lárúbáwá ní Venice, ní Ítálì, ṣùgbọ́n àṣìṣe kún inú rẹ̀; ẹ̀dà kan ṣoṣo tí a mọ̀ pé ó kù, ọdún 1987 ni ayé tún gbúròó rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó bẹ̀rù ẹ̀rọ kì í ṣe òmùgọ̀. Àmì kan ṣoṣo tó bá ṣìpò, ìtumọ̀ ti yí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ẹ̀rù náà pẹ́ jù. Ọdún 1727 ni Ibrahim Müteferrika tó gba àṣẹ àtitẹ̀wé ní Istanbul, wọn kò sì yọ̀ǹda ìwé ẹ̀sìn fún un. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Kairo ní 1924 ló wá gbilẹ̀ káàkiri.

Nílẹ̀ Yorùbá wa ńkọ́? Wàláà àti tàdáwà la bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nílé kéú, ẹ mọ bí a ti ń fọ wàláà. Àwọn oníwàásù Kristẹni ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Ọ̀pọ̀ òbí mùsùlùmí sá fún ilé-ìwé wọn, kí ọmọ má baà yí ẹ̀sìn padà. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́hun! Kùránì tó kọ́kọ́ jáde lódindi ní Yorùbá, ní 1906, àlùfáà ìjọ Kristẹni ló túmọ̀ rẹ̀, M. S. Cole. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá, àfi kó dúró de tàfúsírì ààfáà. Àwọn kan a máa bínú tí a bá sọ èyí. Wọ́n á ní, kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wa? Èrò tiwa ni pé Ọlọ́hun fi ta wá jí ni. Ó gbà wá ní ọdún 67. Ní 1973 ni àjọ àwọn mùsùlùmí Nàìjíríà gbé tiwọn jáde, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Beirut, Lárúbáwá àti Yorùbá jọ wà nínú rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé Ọba Fahd ní Madīna, tí wọ́n ṣí ní 1984, náà tẹ ìtumọ̀ Yorùbá.

Ní Ìsọlọ̀ wa níhìn-ín, ẹni tó bá gba ọ̀nà Apapa sí Òṣòdì mọ Rutam House, ilé ìwé ìròyìn The Guardian tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Kùránì ti wà lórí fóònù ọmọ tó ń ta omi lábẹ́ bíríìjì. Ìwé ti wá pọ̀ débi tí a fi ń di àkàrà. Zayd kó tirẹ̀ jọ látara egungun. Àwa ń ta tiwa ní kílò.

A bá màmá alákàrà ṣe pàṣípààrọ̀: a fún un ní ìwé ìròyìn àtijọ́, ó kó ìyókù ewé wáàsí náà fún wa. Mọ́kànlá ni. A ti gbé àpótí kan sẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ewé Kùránì tó ti ya, ìwé wáàsí, kàlẹ́ńdà tí orúkọ Ọlọ́hun wà lára rẹ̀, ẹ kó wọn síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ a ó sin òmíràn, a ó sì sun òmíràn. Kí sísun má kọ yín lóminú: Uthmān fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí wọ́n sun àwọn ìwé yòókù, nígbà tó fi ẹ̀dà tó péye ránṣẹ́ sáwọn ìlú. Ẹ̀yin alákàrà àti oníbọ̀ọ̀lì, ẹ wá bá wa, ìwé ìròyìn àtijọ́ wà nílẹ̀ fún yín.