Eré Ṣíṣe Pẹ̀lú Ohun-èlò Nínú Iṣẹ́ Ọnà: Àpẹẹrẹ Òṣogbo

Fífi ohun-èlò ṣeré nínú iṣẹ́ ọnà ni kí oníṣẹ́ ọnà mú igi, irin, aṣọ, ọ̀dà tàbí ìlẹ̀kẹ̀, kí ó máa dán an wò láìtíì pinnu ohun tí yóò fi ṣe, títí yóò fi mọ ohun tí ó gbà àti ohun tí ó kọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ìfàkókòṣòfò, pàápàá níbi tí ọmọṣẹ́ ti ń fi ọdún púpọ̀ wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ará Òṣogbo tako èrò náà.

Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèré, àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbẹ̀. Denis Williams, ọmọ Guyana, ni ó kọ́kọ́ darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀, Georgina Beier sì darí òmíràn ní 1964. Òṣèré inú ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá. Iná orí ìtàgé ni iṣẹ́ Jímọ̀ Bùráímọ̀ láàárín wọn.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni Bùráímọ̀ yàn láàyò. Lára adé ọba, abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ, bátànì rẹ̀ sì ti ní ìtumọ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀. Nígbà tí Bùráímọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó, aṣọ àti abẹ́rẹ́ kúrò lọ́nà, ìlẹ̀kẹ̀ wá ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀dà ń ṣe nínú àwòrán, ó sì ṣeé ṣe láti fi í ya ojú ènìyàn tí kì í ṣe ti ọba kankan.

Kì í ṣe àlejò ni ó kọ́ Yorùbá ní irú eré yìí, bí àwọn kan ti máa ń sọ. Kí Mbari Mbayo tó dé, àwọn obìnrin aláró ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya bátànì sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, kí ibi tí ẹ̀kọ bò má baà gba aró. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ohun jíjẹ lé aṣọ ti ní láti fi í ṣeré ná.

Àwọn alátakò ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀ kò tó láti sọ ènìyàn di oníṣẹ́ ọnà. Òótọ́ ni, àmọ́ kò ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí orúkọ wọn kù ni ó ń padà sídìí ohun-èlò tí wọ́n yàn lọ́dọọdún. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni ti Àṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ará Òṣogbo láti ìdílé alágbẹ̀dẹ, tí ó lu bàbà pẹlẹbẹ, lẹ́yìn náà alumíníọ̀mù, títí igi, ẹran àti ènìyàn fi yọ lára rẹ̀. Ọwọ́ tí ó ti mọ òòlù tẹ́lẹ̀ ni ó fi ṣe eré náà, ìdí sì nìyí tí bàbà fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu kíákíá.