ỌMỌ ILÉ KÉÚ ÀTI IṢẸ́ Ẹ̀RỌ

  

Títọ́ ọmọ ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìtàn ọmọ kan ni mo mú wá. Kì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Ní ọjọ́ 4 oṣù October, 1957, Rọ́ṣíà fi Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ láyé, ránṣẹ́ sí òfuurufú. Ọmọ ọdún 14 ni Homer Hickam nígbà náà, ní Coalwood, ìlú kékeré kan ní West Virginia l'Amẹ́ríkà. Èédú ni gbogbo ìlú ń wà. Bàbá rẹ̀ sì ni ọ̀gá níbẹ̀. Homer rí sátẹ́láìtì náà tó ń kọjá lójú sánmà, ó ní òun náà yóò ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀tù inú bángà ló rọ sínú èyí tó kọ́kọ́ ṣe. Ọgbà òdòdó ìyá rẹ̀ ló fọ́.

Ká ní àdúgbò wa ni, pàṣán ni ìbá dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ kò ní kó má ṣe é mọ́. Ó ní kó má ṣáà fi pa ara rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀, Arábìnrin Freida Riley, wá ìwé rọ́kẹ́ẹ̀tì fún un, ìwé tí ìṣirò inú rẹ̀ ju kíláàsì ọmọ náà lọ. Àwọn oníṣẹ́ irin níbi ìwakùsà bá a gé irin. Ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọgbọ́n wà: ihò tí iná ń gbà jáde gbọ́dọ̀ fún láàárín bí ọrùn akèrègbè, kó tún fẹ̀ nísàlẹ̀. Ibi tó fún yẹn ló ń mú èéfín sáré jáde kíkankíkan, eré náà ló sì ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè. Ìṣirò ló ń sọ bí yóò ṣe fún tó; ojú kò lè wọ̀n ọ́n. Báyìí ni ọmọ tó ń sá fún ìṣirò ṣe di ẹni tó ń wá a kiri.

Ní 1960, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìdíje sáyẹ́ǹsì gbogbo Amẹ́ríkà. Èyí tí wọ́n fi parí lọ́dún náà lọ sókè bíi máìlì mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Rocket Boys, tó jáde ní 1998. Homer di ẹnjiníà, ó bá NASA ṣiṣẹ́ láti 1981 di 1998. Arábìnrin Riley kò rí ìyẹn. Àìsàn mú un lọ ní 1969, ọmọ ọdún 31 péré.

Bí ẹnì kan bá ní ti òyìnbó nìyẹn, A.P.J. Abdul Kalam ńkọ́? Ọmọ Ìmáàmù ni, ní Rameswaram ní Íńdíà. Bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi kan. Wúrà ọrùn àti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi dógò kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó darí ṣíṣe rẹ̀ já sínú òkun ní 1979. Ní July 1980, òmíràn gbé sátẹ́láìtì dé òfuurufú. Ó ṣe Ààrẹ Íńdíà láti 2002 di 2007. Kò fi kírun sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn òbí wa lẹ́rù. Àwọn bàbá wa rí ọmọ tó lọ sílé ìwé tó sì padà wálé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì tirẹ̀, NigeriaSat-1, ní 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ló gbé e lọ. Súrà kan wà nínú Al-Kùránì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Irin. Àwọn ọmọ wa ń kà á láìwò. Irin fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́rẹ, nínú owó tí ẹ óò dá lónìí, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún yàrá kan lẹ́yìn mọ́sálásí: tábìlì, irinṣẹ́, ìwé ìṣirò. N kò ní kí ọmọ máa fi ẹ̀tù ṣeré o. Láìsí àgbà tó mọ̀ ọ́n nítòsí, ó léwu. Ẹ̀yin wẹ́dà, rewáyà, mẹkáníìkì tó wà nínú jámọ́ọ̀ wa, owó nìkan kọ́ ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Wákàtí méjì, ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn kírun Àsárì. Ìwé tí ẹ óò fi orúkọ sí wà lọ́wọ́ Akọ̀wé.