Oyè Ọba Pásíà Lẹ́nu Akọ̀wé Báǹkì



Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ tú wò lónìí: check. Bí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró tó ń yẹ ẹrù inú rẹ̀ wò, check ló ń ṣe. Aṣọ ilé-ìwé onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí àwọn ọmọ wa ń wọ̀, ṣẹ́ẹ̀kì là ń pè é. Àmì tí ará Amẹ́ríkà ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn tó tọ̀nà, check ni. Ìwé tí a fi ń gbowó ní báǹkì, ṣẹ́ẹ̀kì náà ni. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó ṣèèṣì jọra ni. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Oyè ọba Pásíà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìránì lónìí, ló bí gbogbo wọn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá ló sì sọ wọ́n di púpọ̀: ọ̀tayò, akọ̀wé owó orí, ahunṣọ àti oníbáǹkì.

Íńdíà ni eré ṣẹ́ẹ̀sì ti ṣẹ̀ wá, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà. Chaturanga lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka mẹ́rin, nítorí ẹ̀ka mẹ́rin ni ọmọ-ogun wọn ní: ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin, elérin àti oníkẹ̀kẹ́-ogun. Ará Pásíà gba eré náà, wọ́n sì fi oyè ọba tiwọn, shah, pe ọmọ ayò tó ṣe pàtàkì jù. Bí ọ̀tayò bá dojú ìjà kọ ọba ẹnìkejì, á kígbe "Shah!", kí onítọ̀hún lè tètè gba ọba rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ mọ́, ó di "shah mat". Ọ̀pọ̀ ìwé túmọ̀ èyí sí "ọba kú", wọ́n ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún ikú ni mat. Èmi fara mọ́ àwọn tó ní ọ̀rọ̀ Pásíà ni, pé ọba há, kò rí ibi yà sí. Ayò náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i: a kì í gbé ọba kúrò lójú ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì. Ibi tó bá há sí ni eré ti parí.

Àwọn Lárúbáwá ṣẹ́gun Pásíà ní ọ̀rúndún keje, wọ́n sì gbé ayò náà dé Sípéènì. Lọ́wọ́ àwọn tó ń fi Látìn kọ̀wé, shah di scaccus. Lẹ́nu ará Faransé, ó di eschec. Nígbà tí àwọn ará Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, Faransé di èdè ààfin, ọ̀nà sì là fún ọ̀rọ̀ náà. Eschec ni Gẹ̀ẹ́sì sọ di check; esches, tó jẹ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀, di chess. Igbe ọ̀tayò ló bí ìdádúró, torí ẹni tí wọ́n bá kígbe mọ́ ọba rẹ̀ kò lè ta ohun tó wù ú mọ́. Ìdádúró ló sì bí àyẹ̀wò, àyẹ̀wò sì bí àmì ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni ti owó orí. Eschequier ni Faransé ń pe ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì. Láyé Ọba Henry Kìíní, tó jọba láti 1100 di 1135, àwọn òṣìṣẹ́ ìṣúra bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ aṣọ onílà sórí tábìlì ńlá láti ka owó ọba. Richard FitzNeal, olùtọ́jú ìṣúra fún Henry Kejì, ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní nǹkan bí 1177: tábìlì náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ó fẹ̀ tó 5, aṣọ orí rẹ̀ sì dúdú. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní Àjíǹde àti ní àjọ̀dún Máíkẹ́lì Mímọ́, àwọn ṣẹ́rífù ń wá jíhìn owó àgbègbè wọn. Akọ̀wé á máa to ọmọ ìkà sínú àwọn ìlà: ìlà kan fún pẹ́nì, òmíràn fún sílè, òmíràn fún pọ́n-ùn, títí dé ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Nọ́ńbà Róòmù ni wọ́n ń kọ sínú ìwé nígbà náà, ìṣirò rẹ̀ sì le koko; ṣùgbọ́n lójú aṣọ, ṣẹ́rífù tí kò mọ̀wé pàápàá á fojú rí bí gbèsè òun ṣe kù sí. FitzNeal sọ pé ìjà orí tábìlì yẹn, láàárín olùtọ́jú ìṣúra àti ṣẹ́rífù, dà bí ti ọ̀tayò méjì. Orúkọ ọpọ́n wá di orúkọ iṣẹ́ ọba: títí dòní, Chancellor of the Exchequer ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe mínísítà ètò ìnáwó wọn. Ọpọ́n náà ló fún aṣọ ṣẹ́ẹ̀kì lórúkọ.

Ti báǹkì ló kẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ègé ìwé owó tó kù sọ́wọ́ ẹni tó fi í síta ni check. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ayédèrú wá, wọ́n á fi wé ègé náà, àṣírí á tú. Nígbà tó yá, orúkọ ègé kọjá sórí odindi ìwé. Gẹ̀ẹ́sì wá ń kọ ọ́ ní cheque, kí ó lè jọ exchequer. Amẹ́ríkà kò yí tiwọn padà.

Àwọn onímọ̀ kan ní ara ṣakk, ìwé gbèsè àwọn Lárúbáwá, ni cheque ti wá. N kò gbà. Ìjọra ohùn ni ẹ̀rí wọn, nígbà tí ipa ẹsẹ̀ ègé ìwé yẹn hàn kedere nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣakk ní iyì tirẹ̀ láìjẹ́ bàbá cheque, ó sì sún mọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Ní ọ̀rúndún kẹwàá, Ibn Hawqal, arìnrìn-àjò tó ń fi Lárúbáwá kọ̀wé, rí ọ̀kan ní Awdaghust, ní gúúsù Mọriténíà òde òní: gbèsè 42,000 dínárì tí oníṣòwò kan níbẹ̀ jẹ ará Sijilmasa ní Mòrókò. Ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ìlà-oòrùn. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí ni ìwé yẹn ti ń ṣiṣẹ́, kí Henry Kìíní tó tẹ́ aṣọ rẹ̀.

Sọ̀wédowó tiwa ńkọ́? Ó dára lọ́rọ̀, ó sọ iṣẹ́ ìwé náà tààrà: ó ń sọ ìwé di owó. Báǹkì ti wà l'Ékòó láti àwọn ọdún 1890, àmọ́ ìgbà wo ni sọ̀wédowó kọ́kọ́ jáde? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1859, ẹ kà á dé Akéde Èkó ti àwọn ọdún 1920. Ẹ kọ déètì tí ẹ kọ́kọ́ rí i, ẹ kọ gbólóhùn tó yí i ká àti irú ẹni tó lò ó. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, mo sì ṣetán láti bá ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣe é.