Jíà Kẹfà Nìkan Ló Kù

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì lẹ ń retí lẹ́nu mi. Eré ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta, 1991, Ayrton Senna ń díje ní Interlagos, ní São Paulo, ìlú tí wọ́n bí i sí. Láti 1984 ló ti ń díje ní Brazil, kò borí nílé rí. Òun ló wà níwájú nígbà tí jíà bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Ìkẹrin ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, ìkẹfà nìkan ló kù. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ fi jíà eré yí kọ́nà tó há wò, kí ẹ́ńjìnì má kú! Èmi náà ti fi jíà kejì nìkan wọ Kàdúná lálẹ́ rí. Ọwọ́ mi gbọ̀n di àárọ̀.

Òjò tún dé. Riccardo Patrese ń lé e bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíà tirẹ̀ náà ń yọ ọ́ lẹ́nu, ká má purọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 2.991 péré ni Senna fi ṣáájú rẹ̀ dé òpin. Iṣan ara rẹ̀ ti dì, wọ́n ní láti ràn án lọ́wọ́ kó tó jáde nínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fún un ní ife-ẹ̀yẹ, agbára káká ló fi gbé e sókè lójú àwọn ará ilé rẹ̀.