Ipá, Agbára àti Ìwà Ipá: Ìṣòro Títúmọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan sí Èdè Jámánì àti sí Èdè Yorùbá

Àwọn àgbà ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, kí ó má baà fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Òun ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “violence”.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Kò sí ẹni tí ó mọ Ṣómólú tí kò mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpolongo ìbò, ìwé ìkéde òkú àti ti ìgbéyàwó, púpọ̀ nínú èyí tí a ń rí ní Èkó ni ó ń ti ibẹ̀ jáde. Bí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ kìlọ̀ fún ará ìlú nípa “violence”, ó ṣeé ṣe kí ìwé ìkìlọ̀ náà gba abẹ́ ẹ̀rọ wọn kọjá. Ní Bàrígà tí ó múlé tì í, láti ìgbà dé ìgbà ni àwọn ìwé ìròyìn ń ròyìn ìjà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ sínú ìwé bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ ohun tí a kà léèwọ̀ fún òǹkàwé, òun náà ni yóò sì sọ ẹni tí a ń bá wí. Iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe eré.

2. “Gewalt” ní èdè Jámánì

Kí a tó wo ilé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òde. “Gewalt” ni àwọn ará Jámánì fi ń túmọ̀ “violence”, ṣùgbọ́n ẹrù tí ọ̀rọ̀ náà rù pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe “walten”, tí í ṣe kí a ṣe àkóso, ni ó ti ṣẹ̀. Ní abala 20 òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1949, a kà pé ọwọ́ ará ìlú ni gbogbo “Staatsgewalt” ti ń wá. Agbára ìjọba ni ìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí yóò rò pé ìjà ni. Pípín tí a pín agbára láàárín aṣòfin, aláṣẹ àti adájọ́, “Gewaltenteilung” ni wọ́n ń pè é.

Nítorí náà, nígbà tí Walter Benjamin kọ àròkọ rẹ̀, “Zur Kritik der Gewalt”, ní 1921, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fi béèrè bí agbára tí ó gbé òfin ró ṣe tan mọ́ ipá tí òfin ń dá lẹ́kun. Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí a fi “violence” sí orí rẹ̀, apá kan ìbéèrè náà bọ́ sọnù.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti inú ilé. Títí di òpin 1979, “elterliche Gewalt” ni òfin Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ń pe àṣẹ òbí lórí ọmọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1980 ni wọ́n ti fi “elterliche Sorge” rọ́pò rẹ̀. Àníyàn àti ìtọ́jú ni “Sorge”. Ní 2000, wọ́n tún òfin náà ṣe, ó sì di ẹ̀tọ́ ọmọ kí a tọ́ ọ láìsí “Gewalt”. Láàárín ogún ọdún péré, orúkọ ẹ̀tọ́ òbí ti di orúkọ ohun tí a kà léèwọ̀ fún òbí.

3. Ohun tí èdè Yorùbá ti ṣe

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ ìpìlẹ̀ fún, ẹ ṣí orí 6 ìwé Gẹ́nẹ́sísì. Níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ní “violence”, “ìwà-agbára” ni ẹ óò bá níbẹ̀. Ará Bàrígà kò jìnnà sí Crowther: CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní 1859, tí ó sì wà ní Bàrígà lónìí, T. B. Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther, ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé Martin Luther kò lo “Gewalt” níbẹ̀. “Frevel” ni ó lò, èyí tí í ṣe ìwà ọ̀ràn àti àfojúdi. Yorùbá ni ó mú ọ̀rọ̀ agbára wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a mú; ó fi “ìwà” ṣáájú rẹ̀.

Lónìí, “ìwà ipá” ni ó gbòde ju “ìwà-agbára” lọ. Ọgbọ́n kan náà ni a sì fi ṣẹ̀dá méjèèjì. Ipá fúnra rẹ̀ kò burú. A ń gba ara wa níyànjú pé kí a sapá. A ń yin ìsapá ọmọ tí ó yege. Òwe tí ó ní alágbára tí kò mèrò ni baba ọ̀lẹ kò bú agbára. Àìmèrò ni ó bú. “Violence” ti gba ìdálẹ́bi sínú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. “Gewalt” kò gbà á dandan. Èdè Yorùbá gbé ipá sọ́tọ̀, ó gbé ìdájọ́ lé “ìwà” lọ́wọ́. Mo gbà pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Yorùbá ni ó ṣe kedere jù.

4. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀

Síbẹ̀, ìṣòro kò tán. Ní 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ “violence” nínú ilé. Nínú òfin náà, kì í ṣe lílù nìkan ni. Fífi ebi pa ènìyàn wà níbẹ̀. Fífi ẹ̀kọ́ du ọmọ, ìhalẹ̀mọ́ni, èébú, àti fífi ọ̀rọ̀ owó ni ènìyàn lára wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin àpapọ̀ ti 2015 náà gba irú ọ̀nà yìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ń tajà, tí ọkọ rẹ̀ ń gba gbogbo owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ lálaalẹ́, tí kò sì jẹ́ kí ó rí owó oúnjẹ ọmọ. Òṣìṣẹ́ kan bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ṣé bàbá ń hùwà ipá sí yín?” Yóò dáhùn pé, “Rárá o, ọmọ mi, kò fọwọ́ kàn mí rí.” Òtítọ́ ni ìyá sọ. Òfin ṣílẹ̀kùn fún un, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì tì í padà.

Ṣé kí a wá na “ìwà ipá” títí tí yóò fi gba ohun gbogbo? Àwọn ará Jámánì ti dán an wò. Ní 1969, ilé-ẹjọ́ wọn dá a lẹ́jọ́ pé jíjókòó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí ojú irin ní Cologne jẹ́ “Gewalt”. Ní 1995, ilé-ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ ní ó tì: jíjókòó lásán sí ojú ọ̀nà kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí ará ìlú gbọ́dọ̀ lè mọ ohun tí òfin kà léèwọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ òfin fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá nà jù, kò ní í mú ohunkóhun mọ́.

5. Ẹni tí à ń bá wí

Ohun kan ṣẹ́kù. Bí ọ̀dọ́ bá fi igi lu ènìyàn ní òpópónà, a ní ó hùwà jàgídíjàgan. Bí ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, a lè ní ó lo agbára. Egbò kan náà ni, orúkọ méjì. Ṣùgbọ́n èdè wa mọ ọgbọ́n tí ó ju èyí lọ. Ohun tí àwọn ológun ṣe ní 1966 àti ní 1983, “ìfipágbàjọba” ni à ń pè é. Aṣọ oyè kò bo ipá mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

6. Àbá

Àbá mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, kí a fi “ìwà ipá” sílẹ̀ fún ipá tí a lò láìtọ́, ì báà ṣe ọmọ òkùnkùn tàbí ọlọ́pàá ni ó lò ó. Èkejì, ipá tí òfin fún ọlọ́pàá láyè, kí a pè é ní ipá tí òfin gbà, kí a lè máa béèrè ibi tí ó dúró sí. Ẹ̀kẹta, nínú ìwé ìkìlọ̀ fún ilé, kí a má ṣe dá “ìwà ipá” nìkan dá a. Kí a ka ohun tí òfin kà: lílù, ìfebipani, ìhalẹ̀, ìnilára nípa owó. Ìwé náà yóò gùn díẹ̀ sí i, yíǹkì díẹ̀ sí i ni yóò sì ná atẹ̀wé Ṣómólú. Ṣùgbọ́n ìyá tí mo sọ yẹn yóò rí orúkọ ohun tí ń ṣe é níbẹ̀.