Gbèsè Tí Kò Tíì Kanlẹ̀kùn: Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà fún Owó Ìpamọ́ Adójútòfò

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Ararọ̀mí-Obu

  

Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò jìnnà sí èyí: bí ọmọ ilẹ̀ Odígbó tí a wà yìí ṣe lè kọ́ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò fi ń ṣírò owó tí ó yẹ kí wọ́n yà sọ́tọ̀ de gbèsè tí ó ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá bèèrè.

Gbogbo wa ni a mọ títì Ọ̀rẹ̀ tí ó so Èkó mọ́ ilẹ̀ Bìní. Ká ní ọkọ̀ tí ó ní ìwé adójútòfò third party, èyí tí ń sanwó fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe, kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Nígbà tí ọdún bá parí, tí iléeṣẹ́ tí ó ta ìwé náà bá fẹ́ pa ìwé ìṣirò rẹ̀ dé, ẹni tí ó farapa lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù síbẹ̀, panẹ́bítà lè má tíì sọ iye iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ni ọkọ̀ sì lè má mú ẹjọ́ wá láti bèèrè owó títí di oṣù Kẹta. Bí ẹjọ́ kò tíì dé, gbèsè ti dé. Iléeṣẹ́ tí ó bá pín owó náà gẹ́gẹ́ bí èrè ti jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, àpò òfìfo ni ẹni tí ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ yóò sì bá.

Òfin adójútòfò tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí wọ́n lò títí di 2025, kò gbàgbé èyí. Abala 20 rẹ̀ ní kí iléeṣẹ́ ṣírò gbogbo ẹjọ́ tí a kò tíì san, kí ó sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e, nítorí àwọn tí ó ti ṣẹlẹ̀ tí a kò tíì fi tó o létí. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo ẹjọ́ mu, nítorí ẹjọ́ ọkọ̀ tí ó tẹ̀ a máa tètè parí, ti ara tí ó farapa a sì máa fà fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ìlànà ìṣirò àgbáyé tí ń jẹ́ IFRS 17 sì bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ó di dandan kí iléeṣẹ́ ṣàlàyé ibi tí iye rẹ̀ ti wá, àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní lórí ìjàǹbá 2021, iléeṣẹ́ kan san ₦40 mílíọ̀nù ní ọdún kìíní, tí àpapọ̀ rẹ̀ di ₦60 mílíọ̀nù ní ọdún kejì, tí ó sì di ₦66 mílíọ̀nù ní ọdún kẹta. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ₦50 mílíọ̀nù, ó di ₦75 mílíọ̀nù. Ti 2023 ṣì wà ní ₦60 mílíọ̀nù. Bí a bá tò wọ́n sí ìlà, wọn yóò dúró bí igun mẹ́ta, nítorí ọdún tí ó dé kẹ́yìn ni ìtàn rẹ̀ kúrú jù. Bí a bá pa ti 2021 àti ti 2022 pọ̀, ₦90 mílíọ̀nù ọdún kìíní di ₦135 mílíọ̀nù ní ọdún kejì, ìlọ́po 1.5 nìyẹn, láti ọdún kejì sí ìkẹta, ìlọ́po 1.1 ni. Nítorí náà 2022 yóò parí sí ₦82.5 mílíọ̀nù, 2023 yóò parí sí ₦99 mílíọ̀nù. Bí a bá yọ èyí tí a ti san, ₦46.5 mílíọ̀nù ni ó yẹ kí ó wà nípamọ́. Chain ladder ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Ọmọ tí kò bá tíì fi bírò ṣe é, kí ó má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn bírò ni ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ R kàn, èyí tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, tí a sì ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àkójọ àṣẹ kan wà fún un tí ń jẹ́ ChainLadder, tí ó gbé àpẹẹrẹ RAA, ìtàn ìjàǹbá ọdún mẹ́wàá, dání. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi àṣẹ MackChainLadder ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ yóò dáhùn pé 52,135 ni ó kù láti yà sọ́tọ̀. Yóò sì sọ bí iye náà ti lè ṣìnà tó, gẹ́gẹ́ bí Thomas Mack, ará Jámánì, ti kọ́ ayé ní 1993: ó lé ní 26,000, ó ju ìdajì iye náà lọ. Èsì tí kò bá sọ ìwọ̀n iyèméjì inú rẹ̀ kò tíì pé.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ gbà pé bí àná ti rí ni ọ̀la yóò rí. Àwọn baba wa kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, tí ẹ̀yà ọkọ̀ tí ń ti òkè òkun wá gbówó lórí, ìlọ́po tí a fà yọ nínú ìwé 2021 kò gbọ́, kò mọ̀. Ọmọ tí ó dàgbà lẹ́bàá títì yìí, tí ó mọ iye tí panẹ́bítà ń gbà àti ìdí tí ẹjọ́ fi ń pẹ́ kí ó tó kúrò ní abúlé, ní ìmọ̀ tí kò sí nínú R.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ tí ó fẹ́ràn ìṣirò ṣeré. Yunifásítì Èkó ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò adójútòfò yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá fún yín ní iye kan, ẹ bèèrè ta ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, àti kí ni ó ti yí padà láti ìgbà náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.